Ewé Òkun Nínú Ìpara Tó Ń Bóra

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé, mi ò kàwé jìnnà. Ní ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń po ìpara ìbóra ní Agége ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, bí mo ṣe dúró lẹ́yìn oníbàárà kan, tí mo di ike ìpara mi tó ti tán mú.

“Màmá, ẹ wo ojú mi! Ó pọ́n, ó wú, ó ń ta mí. Sátidé yìí làwọn ẹbí ọkọ mi ń bọ̀ wá mọ̀ mí o.”

“Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Ewé inú òkun ti dé. Oje rẹ̀ máa ń jẹ́ kí awọ tó wú rọlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì awọ, àwọn nǹkan tíntín tó para pọ̀ di awọ.”

“Awọ ta ni?”

“Inú àwo ní yàrá àyẹ̀wò wọn ni wọ́n ti tọ́jú sẹ́ẹ̀lì náà.”

“Kí n wá jáwọ́ nínú ìpara yín tó bó mi lójú?”

“Nítorí kí ni? Inú rẹ̀ náà ni màá po ewé òkun sí. Tèmi á máa bó ọ, ewé á máa tù ọ́.”

Oníbàárà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ń dùn ún.

“Màmá, awọ inú àwo ò rí oòrùn Agége rí. Kò sì fi ìpara yín para rí.”

“Ike ńlá àbí kékeré?” ni ìyá náà fi dá a lóhùn.

Mo rọra yẹra. Ọ̀rọ̀ awọ inú àwo yẹn bá mi délé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fọ ike ìpara mi, mo sọ ọ́ di ike iyọ̀ ìdáná, mo sì fi omi lásán bọ́jú lọ síbi iṣẹ́.