Bóòtù Tí Mo Fi Ọwọ́ Lásán Dì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àyà yín má baà já: kò sí ohun tó ń ṣe mí. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo lọ ṣàyẹ̀wò ara. Dókítà gbọ́ bí àyà mi ṣe ń lù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ọkàn yín yìí á ṣì bá yín ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún sí i." Ẹlòmíì á jó. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, jìnnìjìnnì bò mí. Láti ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti pinnu pé ọjọ́ tí mo bá fẹ́ kú ni mo máa jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan, kí n sọ ọ́ tán, kí n bá tèmi lọ kí ẹnikẹ́ni tó lè bi mí ní ìbéèrè. Ogún ọdún! Ta ló fẹ́ gbé irú ẹrù yìí fún ogún ọdún? Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi. Èmi ni mo ba ọkọ̀ ìyàwó mi jẹ́. Kì í ṣe àbúrò rẹ̀. Èmi ni, èmi Tíṣà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní èèyàn dáadáa.

Iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àìsàn kan sì wà tó máa ń ṣe àwa tí a mọ ìṣirò: ohunkóhun tó bá ti yé wa, a máa ń rò pé ọwọ́ wa náà ti mọ̀ ọ́n ṣe. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Ọkọ̀ kan ṣoṣo la ní, òun ló ń wà á lọ síbi iṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, mẹkáníìkì ni, òun nìkan ló sì máa ń fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ níwèé rí wa ọkọ̀ tirẹ̀ wá kí mi. Ọkọ̀ náà lọ sílẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kí táyà wọnú ara rẹ̀, ó ń rọra bọ̀ bí ológbò tó rí eku. Ojú mi ò kúrò lára ẹ̀. Èmi, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, tí orí mi ti ń pá! Mo bi í pé báwo ló ṣe ṣe é. Ó ní wọ́n á yọ sípíríǹgì tó gùn, wọ́n á fi kúkúrú rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ á wálẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì o." Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni. N ò gbọ́ nǹkan kan.

Ìyàwó mi rìnrìn àjò lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Kí ó tó lọ, àbúrò rẹ̀ ti wá pààrọ̀ bíréèkì ọkọ̀ náà. Mo ti ra sípíríǹgì kúkúrú mẹ́rin pamọ́. Àárọ̀ Sátidé, mo gbé fóònù sórí àpótí, mo tan fídíò, mo gbé ọkọ̀ sókè sórí irin nínú ọgbà wa, mo yọ táyà. Sípíríǹgì ọkọ̀, ẹ má fojú di í o. Bó ṣe há mọ́ inú ibẹ̀ yẹn, inú ń bí i ni. Irin kan wà tí wọ́n fi ń fún un pọ̀ kí wọ́n tó tú u, mo yá a. Mo ń yí i, òógùn ń dà, mo ń gba gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, títí kan èyí tí wọ́n máa ń gbà fún aboyún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti ṣe mẹ́ta. Ó ku iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún. Bóòtù méjì ló di ẹsẹ̀ ṣọ́kù mú níbẹ̀, irin tí sípíríǹgì yí ká yẹn. Mo fi sípánà di ti òkè. Mo fi ọwọ́ lásán yí ti ìsàlẹ̀ wọlé, mo fẹ́ mú sípánà, ni fóònù bá dún. Ìyàwó mi ni. "Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ̀ ń ṣe?" Mo ní mò ń sùn. "Kí ló dé tí ẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ?" Mo ní àlá ni mò ń lá. Ó rẹ́rìn-ín, a tàkúrọ̀sọ dáadáa. Nígbà tí mo padà sídìí iṣẹ́, mo dá táyà padà, mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀, mo sún sẹ́yìn. Háà! Ó rẹwà lójú mi. Mo yí i po lẹ́ẹ̀meje. N ò rántí bóòtù kankan mọ́.

Ìyàwó mi dé. Ó dúró ti ọkọ̀, ó ní, "Ṣé ọkọ̀ yìí ò ti kúrú báyìí?" Mo ní bàtà gíga ló wọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Sílípáàsì ni mo wọ̀." Mo ní ṣé kò rí i pé ó ti rẹ òun ni, kó lọ sinmi. Lọ́jọ́ kejì, ó ní nǹkan ń dún kò-kò-kò lábẹ́ ọkọ̀. Mo ní ọ̀nà wa ni ò dáa. Ọjọ́ kẹta, ó fẹ́ wọ ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, ó gun bọ́m̀pù tó wà lẹ́nu géètì, bóòtù ìsàlẹ̀ yẹn já bọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ká wọlé bí ẹsẹ̀ adìyẹ tó ṣẹ́, ọkọ̀ sì forí sọ àárín òdòdó. Ètè rẹ̀ gbá mọ́ ọwọ́ ìdarí ọkọ̀, ó bẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló rán an, ojú abẹ́rẹ́ méjì. Nígbà tí mo débẹ̀ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ funfun rẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ó di ẹnu mú, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò mi ṣe ọkọ̀ yìí. Kí ló ṣe sí i?" Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n la ẹnu. Mo là á lóòótọ́. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni: "Àwọn mẹkáníìkì yìí náà, wọn kì í fara balẹ̀." Ẹ gbọ́ ẹnu burúkú!

Àbúrò rẹ̀ sáré wá, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dọ̀tí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n wo abẹ́ ẹ̀, kí n mọ ibi tí mo ti ṣàṣìṣe." Mo ní, "O ti wò ó tó." Mo ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tí kò mọ̀ wá rí, kó dá sípíríǹgì àtijọ́ padà. Ọkùnrin yẹn yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?" Mo ní ẹnì kan ni. Ó ní, "Ẹ sọ fún ẹni náà kó má fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́ láyé ẹ̀." Mo ní màá bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ dúró, ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí sí pálọ̀ ìyá ìyàwó mi. Àwa mọ́kànlá la jókòó. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, kí èmi Tíṣà parí ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò ìyàwó mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Mo mọ̀ pé mo di gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló yẹ̀, Sísítà mi, ẹ má bínú." Ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó ní, "Ọwọ́ rẹ yìí lo fẹ́ fi pa ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí?" Mo wú ikọ́. Mo gbé ojú àgbà wọ̀, mo ní, "Ó tó. Mo ti dárí jì í." Wọ́n pàtẹ́wọ́! Ìyá ìyàwó mi ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á san án fún mi. Mo ní àmín. Ẹ tiẹ̀ bá mi wò ó, èmi ni mo ṣe àmín náà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tó mẹ́wàá tí òótọ́ fi dé. Láti ọjọ́ ìpàdé yẹn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò ju kí wọ́n kí ara wọn lọ. Mẹkáníìkì mìíràn ni ìyàwó mi ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ bá. Bí mo ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù àna mi, àbúrò ìyàwó mi yìí. Ó di bóòtù kan, ó tún un dì, ó tún padà lọ dì í. Oníbàárà kan ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹlẹ́ẹ̀mẹta, ó tó!" Orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà ọ̀rọ̀ Sísítà mi, ẹ̀rù ọwọ́ ara mi ló ń bà mí." Ojú tì mí. N ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, mo pe àwọn méjèèjì sí pálọ̀ wa, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ìyàwó mi ní, "Ẹ dìde, kí n gbọ́ ọ dáadáa." Mo tún un sọ. Àbúrò rẹ̀ ò bínú, ìbéèrè kan ló bi mí: "Bóòtù wo?" Mo ní ti ìsàlẹ̀ ṣọ́kù, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó fò sókè. "N ò débẹ̀! Bíréèkì ni mo ṣe, n ò débẹ̀ rárá! Sísítà mi, n ò débẹ̀!" Ó ń jó, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó mi, tó fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, kúnlẹ̀ fún un. Ó sáré fà á dìde, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé n ò sí níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti máa bẹ̀bẹ̀. Ìgbà tó ṣe, ìyàwó mi yíjú sí mi. "Tíṣà, gbogbo ẹni tó jókòó lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, ẹ máa kárí ilé wọn, ẹnu yín ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ."

Tí ẹ bá yọ àwa mẹ́ta kúrò nínú mọ́kànlá, ó ku mẹ́jọ. Mo ti dé ilé méje. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ ṣubú lórí àga. Ẹnì kan ju sílípáàsì lù mí, ó bà mí. Mo gba gbogbo ẹ̀, ó tọ́ sí mi. Ẹnì kẹjọ ni ìyá wọn. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí Màmá ti kú, ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọwọ́ ọmọkùnrin òun ló fẹ́ pa ọmọbìnrin òun, pé èmi sì ni àna rere. Àna mi, o ti dárí jì mí, mo dúpẹ́. Síbẹ̀ mo tún ń bẹ̀ ọ́ nítorí ti Màmá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ rẹ ọkọ̀ yín sílẹ̀ tó bá wù yín, kò burú. Ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tí gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ṣì wà láàyè.