Bébà Tí Mo Tẹ̀ Kẹ́yìn

Alága ìjókòó wa, Mínísítà tó fi iṣẹ́ ìlú sílẹ̀ wá bá wa jókòó nínú òórùn yíǹkì, mo kí yín. Máníjà ilé ìtẹ̀wé ìjọba, ọ̀gá mi tí mo lè bí lọ́mọ, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tó ti fẹ̀yìntì ṣáájú mi, tí ojú yín ń sọ pé "àṣé eléyìí náà á kúrò lọ́jọ́ kan", mo ti kúrò, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyàwó mi, ìwọ tó mọ̀ mí ju bí mo ṣe mọ ara mi lọ, mo kí ọ. Ẹ̀yin tí a jọ ń to lẹ́tà, ẹ̀yin tí ẹ ń di ìwé, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbálẹ̀ lẹ́yìn wa, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ọkùnrin méjì tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ lo jígí dúdú nínú ilé, tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó pè yín, ẹ̀yin náà, ẹ kúuṣẹ́. Mo sì kí àga kan tó ṣófo ní ìlà kejì. Ìyá Ọ̀bẹ ló yẹ kó wà níbẹ̀, obìnrin tó ti ń fi ẹ̀rọ gé bébà fún wa láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti mú un lọ. Ọmọ rẹ̀ ló dúró lẹ́yìn yẹn, tó pọn ọmọ, tó ní òun ò ní jókòó sórí àga ìyá òun. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Máníjà ti bá mi kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sílẹ̀ lánàá, ojú ewé méjì, ó ní kí n kà á bó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ náà dára. Mo mọ̀ pé ó dára torí èmi náà ni mo tò ó fún ẹni tó fẹ̀yìntì lọ́dún tó kọjá, àti fún ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Orúkọ nìkan la máa ń yí. Ó wà nínú àpò mi níbí, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà tí mo wọ ilé yìí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá Òjé, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé àpótí lẹ́tà òjé síwájú mi, ó ní, "Láti òdì la ti ń kà á níbí. Bó bá ti tọ́ lójú rẹ, ó ti wọ́ nìyẹn." Mo rò pé iṣẹ́ ló ń kọ́ mi, mi ò mọ̀ pé ìjọba ló ń ṣàlàyé fún mi. Ìyàwó mi lè jẹ́rìí: lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ sí mi, ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo kọ́kọ́ rí i pé ó fẹ́ràn mi kí n tó dé ibi tó ti ń bú mi. Bóyá ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn.

Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ ìṣèlú lónìí. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó fi ọdún mẹ́rìndínlógójì tẹ ìwé ìjọba, kí ló fẹ́ sọ? Kó sọ̀rọ̀ ẹja? Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń gbé ìwé wá síbí nípa Ìyípadà wa, ìwé tó nípọn débi tó ṣe é fi dá ilẹ̀kùn dúró. Wọ́n á ní ebi ló fà á, wọ́n á ní èrò tuntun tó wá láti òkèèrè ló fà á, wọ́n á ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni. Èmi wà níbẹ̀. Àga ló fà á.

Ẹni tó ń ṣe olórí wa nígbà náà fi ara rẹ̀ jẹ Bàbá Gbogbo Wa. Kò sí ohun tí o fẹ́ ṣe tí o ò ní gba ìwé àṣẹ: kí o kọ́lé, kí o rìnrìn àjò, kí o sin òkú ẹ. Ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ló wá kún jù nílùú. Ọlọ́gbọ́n kan níbẹ̀ rò ó pé bí àwọn èèyàn ò bá rí ibi jókòó, wọn ò ní pẹ́. Wọ́n kó gbogbo bẹ́ǹṣì kúrò. Àwọn èèyàn dúró. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi dúró. Lọ́jọ́ kan, tíṣà àgbà obìnrin kan tí ẹsẹ̀ ń dùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ní kó dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi wá àga, màá dìde." Ẹ̀ṣọ́ fi bàtà tì í. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà jókòó. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà jókòó. Kó tó di ọ̀sán, ìlà náà ti jókòó dé ojú títì. Lọ́jọ́ kejì, ọ́fíìsì mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, èmi alára jókòó síwájú ilé ìtẹ̀wé yìí, mo sì jẹun ọ̀sán mi níbẹ̀. Rédíò ní ọ̀tẹ̀ ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọ̀tẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ títí di ọjọ́ tó borí. Ọjọ́ tó borí ló di Ìyípadà.

Àmọ́ ìyà nìkan ò tó. Ìyà ló ń kó èèyàn jọ, ọ̀rọ̀ ló ń sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lórí ìlà yẹn, tíṣà ni òun náà, gègé kì í kúrò lápò àyà rẹ̀. Onígègé là ń pè é. Ó kọ ohun tí gbogbo wa ń fẹ́ sójú bébà kan. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ó gbé e wá síbí, ojú rẹ̀ pọ́n, kò tíì sùn. Mo fún un ní tíì, ó gbé ife lé orí bébà náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tò ó, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò." Ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ni:

"A kò ní mú ẹnikẹ́ni nítorí ohun tó sọ tàbí ohun tó kọ. Gbogbo ọ́fíìsì ìjọba ni yóò ní àga fún ẹni tó ń dúró de nǹkan. Ẹni tó bá ń ṣe olórí, ọdún mẹ́ta péré, kó máa lọ sílé rẹ̀. Bí àwa tí a kọ èyí bá sì yẹ àdéhùn, ẹ wá jókòó síwájú ilé wa, bí ẹ ṣe jókòó síwájú ilé àwọn tó ṣáájú wa."

Ó dára àbí kò dára? Mo ti to ìwé òfin, mo ti to ìwé àdúrà, mi ò to ohun tó dùn mọ́ mi lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin la tẹ̀. Ìyá Ọ̀bẹ, ọ̀sẹ̀ kẹta rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, ló gé e. Ó ń gé e, ó ń sunkún, mo ní kó ṣọ́ ìka ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn náà, Bàbá Gbogbo Wa gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Ó kánjú débi pé ó gbàgbé ìyá ìyàwó rẹ̀ sílé.

Ẹ fẹ́ mọ bí Ìyípadà ṣe ń rìn lẹ́yìn tó bá borí? Ẹ fi àwọn ọ̀mọ̀wé sílẹ̀, ẹni tó ń tẹ ìwé ni kí ẹ bi. Oṣù àkọ́kọ́, ìwé ara ògiri ni: ARÁÀLÚ LÓ NI ÌJỌBA. A ò ní lẹ́tà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, igi la fi gbẹ́ ẹ. Oṣù kẹfà, wọ́n yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ sì bí ìgbìmọ̀, ó di mọ́kàndínlógún, oníkálukú fẹ́ bébà tó ní orúkọ tirẹ̀ lórí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka iye àwọn yòókù. Ọdún kejì, àwòrán olórí dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń to lẹ́tà, ẹ mọ̀ pé àyè kì í gbòòrò sí i lórí bébà. Bí orúkọ olórí ṣe ń tóbi ni "aráàlú" ń kéré, títí a fi gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí à ń kọ orúkọ ilé ìtẹ̀wé sí. Ọdún kẹta tó yẹ kí wọ́n lọ sílé, ìkéde kan wá: "Nítorí ipò tí ìlú wà, ìjọba yóò dúró fún ìgbà díẹ̀ sí i." A ò tú lẹ́tà ìkéde yẹn ká rárá. Ọdọọdún là ń yí déètì rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejìdínlọ́gbọ̀n la ti yí i. Ọdún karùn-ún, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ní ìwé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn kó o wá, pé ìjọba fẹ́ tọ́jú ẹ̀ pamọ́ fún ìran tó ń bọ̀. Ó sì pamọ́. Ọdún keje, fọ́ọ̀mù fún ẹni tó bá fẹ́ ṣèpàdé. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Lọ́dún kẹtàdínlógún, wọ́n tún kó bẹ́ǹṣì kúrò ní ọ́fíìsì ìwé àṣẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má rò pé ẹnì kan ni mò ń bú. Èmi ni mo to gbogbo rẹ̀. Wọ́n fún mi ní àmì ẹ̀yẹ, mo fi kọ́ ara ògiri, ìyàwó mi ń fi báàgì ẹ̀ kọ́ sára ìṣó ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó bẹ́ǹṣì yẹn kúrò, méjì nínú ẹ̀ ni wọ́n fi ta ilé ìtẹ̀wé yìí lọ́rẹ. Ọ̀kan wà lábẹ́ fèrèsé yàrá wa. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi jókòó sórí ẹ̀ jẹun ọ̀sán, tí mò ń ka ìwé ìròyìn, tí mò ń sọ pé àwọn èèyàn òde òní ò ní sùúrù. Orí bẹ́ǹṣì àwọn tó wà lórí ìdúró ni mo ti ń sọ ọ́.

Ẹ mọ àṣà wa níbí. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀yìntì á fi ẹ̀rọ àtijọ́ tí à ń fọwọ́ yí tẹ bébà kan tó bá wù ú, á pín in fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n fi máa rántí rẹ̀. Bàbá Òjé tẹ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn tó ń di ìwé tẹ àwòrán ara rẹ̀, ó dín ikùn ẹ̀ kù. Èmi lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìkó-nǹkan-sí. Òfin iṣẹ́ wa ni pé bí iṣẹ́ bá ti parí, kí á tú lẹ́tà rẹ̀, kí á dá a padà sínú àpótí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti fi okùn di lẹ́tà ìwé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn síbẹ̀ tí mi ò tú. Mi ò ní ọ̀tẹ̀ kankan lọ́kàn. Iṣẹ́ ìgbà ọ̀dọ́ mi ni, kò kàn ṣe mí bíi kí n tú u ni. Mo tẹ igba. Ìyá Ọ̀bẹ gé e, ó kà á, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò ní déètì o." Mo ní kí ló fẹ́ fi déètì ṣe. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àṣìṣe kan ṣoṣo tí mo ṣe láti ọdún mẹ́rìndínlógójì nìyẹn.

Mo pín ọgbọ̀n. Mo gbé ìyókù sórí àjákù bébà. Ọjọ́ Ẹtì sì ni, ọjọ́ Ẹtì ni ilé búrẹ́dì máa ń wá kó àjákù wa lọ fi wé búrẹ́dì. Láàárọ̀ Sátidé, ìlú ra búrẹ́dì, ìlú kàwé. Ìwé tí kò ní déètì, tí kò lórúkọ, ó ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́. Wọ́n ní Ìyípadà ti dé. Àwọn ọ̀dọ́ ò mọ̀ pé ó ti dé rí. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọ́fíìsì ìwé àṣẹ. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin tí ẹ gba ibẹ̀ kọjá ti rí wọn.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú bébà náà, wọ́n wo etí rẹ̀. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ wa ti kán díẹ̀ níbì kan, ó máa ń fi àmì kékeré sí etí bébà. Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀bẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Wọ́n ní ta ló kọ ọ́, ta ló tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bébà ni mò ń gé, mi ò kàwé." Obìnrin tí kì í gé ìwé ìròyìn tí kò bá tíì kà á tán! Bí wọ́n ṣe ń mú un kọjá, ó wojú mi. Mi ò sọ pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí ayẹyẹ yìí kọjá ná, kí ẹ kọ́kọ́ kí mi tán. Ọmọ rẹ̀ wá sílé mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní mò ń bá wọn gbàdúrà. Ojú ń tì mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ojú ń tì mí gan-an.

Alága wa, mo gbọ́ yín lórí rédíò lỌ́jọ́bọ̀. Ẹ ní ọ̀tá ìlú ló kọ ìwé náà, ẹ ní kò nírònú, ẹ ní ó hàn nínú bó ṣe kọ ọ́ pé kò lọ ilé ìwé dáadáa. Ó dùn mí nítorí yín. Bóyá wọn ò kà á fún yín, bóyá wọ́n kàn ròyìn rẹ̀ ni. Ẹ gba èyí, Mínísítà. Ẹ̀yin oníjígí dúdú, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, bébà lásán ni. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ìlú kó o wá, mi ò kó eléyìí wá. Èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ gan-an nìyí. Ojú ibi tí ife tíì jókòó sí nìyẹn. Ìkọ̀wé ta nìyí, Onígègé?

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Èmi pẹ̀lú yín ti fi mọ́kànlá lé ogún náà. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ rèé, ó ti di aṣọ ẹ̀ sínú báàgì, ìyàwó ẹ̀ ló bá a dì í, ó fi ẹ̀wù òtútù sí i. Ẹni tó kọ ọ́ wà lórí àga alága. Ẹni tó gé e ni ẹ tì mọ́lé. Ẹ bá mi wò ó, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Ẹ mú ẹni tó bá wù yín nínú àwa méjèèjì, ẹ jẹ́ kí obìnrin yẹn lọ sílé lọ gbé ọmọ-ọmọ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàdúrà. Ilé ìtẹ̀wé yìí ò ní dahoro. Ẹ̀yin tí ẹ ń to lẹ́tà, ojú yín ò ní ṣú, ìka yín ò ní gé. Máníjà, ẹ ò ní fi ọ̀rọ̀ ìdágbére yẹn sin ẹlòmíì mọ́. Ẹ̀yin oníjígí dúdú, ẹ̀yin náà á fẹ̀yìntì láyọ̀, àwọn èèyàn á sì fẹ́ wá kí yín. Alága, ọdún mẹ́ta yín á pé.

Mo fẹ́ jókòó báyìí. Mi ò ní jókòó sórí àga, ọdún mẹ́rìnlá ti tó, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yìí ni mo fẹ́. Ọmọ Ìyá Ọ̀bẹ, máa bọ̀, àga mi rèé, ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹ ti wúwo. Ìyàwó mi, kí lò ń bọ́ bàtà fún? Ó dáa, wá. Máníjà, ẹ rọra, ilẹ̀ yẹn tutù. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ẹ sún mọ́ra, ó máa gbà wá. Mínísítà, mo rí i pé ẹ ti mú jígí ìkàwé yín jáde. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ni, àwa ti jókòó. Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó.