Ìwé Ìdánwò Mẹ́sàn-án Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sínú ìwé tí wọ́n ń ṣe fún Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, torí pé èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ fún mi pé àìsàn yìí kò ní jẹ́ kí n rí ọdún tó ń bọ̀, n kò sì lè gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Òótọ́ ni mo fẹ́ kọ. Bí ẹ kò bá tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ ti kà á náà nìyẹn.

Mo ti pé ọdún mẹ́tàlélógójì, mò ń gbálẹ̀ ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè ní yunifásítì, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí, tí à ń pè ní Olùkọ́ nígbà náà, bá mi níbi tí mo ti ń to ìwé sórí pẹpẹ. Ó ní, "Ìyá, ẹ dorí ìwé yẹn kodò o." Mo ní, "Ọmọ mi, lójú tèmi, kò sí èyí tó lórí nínú wọn." Ó rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ló ti kó àwa òṣìṣẹ́ méjìlá jọ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ó ń kọ́ wa ní ìwé kíkà. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn yunifásítì, wà níbẹ̀. Ìwé yé mi kíákíá. Kò yé òun.

Ọ̀nà ìkọ́ni náà ni Olùkọ́ fi ń wá oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìkọ́ni ní èdè. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni tábìlì rẹ̀ wà nígbà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀ mi. Ó ní, "Ìyá, ẹni tí kò bá ní oyè yìí, ọdọọdún ló ń tọrọ iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní in ni wọ́n ń gbà títí láé, òun ló ń di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí ẹ kò bá yege, èmi náà ti tán."

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwa mẹ́ta péré la mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ kó ìwé àwọn mẹ́sàn-án tó kù síwájú mi, pẹ̀lú bírò tuntun. "Ìyá Kíláàsì, ẹ bá mi tún ìwé yìí tò. N kò ní tètè dé." Ó tilẹ̀kùn mọ́ mi. Kò ní kí n kọ nǹkan kan, èmi náà kò sì bi í. Ìwé òfìfo wà nísàlẹ̀. Mo tẹ bírò gan-an fún alásè, mo jẹ́ kí ti ọlọ́dẹ wọ́, mo fi ọwọ́ òsì kọ ti àbúrò mi. Ìkà ni mí.

Ó gba oyè rẹ̀. Kí ọdún tó yí, tábìlì rẹ̀ ti dé yàrá olójú fèrèsé méjì. Ìwé ẹ̀rí tí àbúrò mi gbà ni ilé ìwòsàn fi gbé e kúrò nídìí ìgbálẹ̀ lọ sí yàrá ìfọṣọ, níbi tí wọ́n ń kó oògùn ìfọṣọ sí. Ó wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, akọ̀wé tí kò mọ lẹ́tà kan! Ẹ jẹ́ n sọ fún ọ̀gá pé n kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì oògùn wọ̀nyẹn." Mo sáré lọ bá Olùkọ́. Ó ní, "Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa jókòó lórí ìgbéga mi. Ẹ bá mi dá a dúró di Ẹtì." Mo padà sọ fún àbúrò mi pé, "Panu mọ́ di Ẹtì. Àwọ̀ ìdérí ni kó o máa wò."

Ní Ọjọ́rú, kẹ́ẹ̀gì tuntun dé, àwọ̀ ìdérí wọn sì ti yí padà. Ó da méjì pọ̀, èéfín olóró sì kún inú yàrá tí kò ní fèrèsé náà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára wọn pé kí ẹnikẹ́ni má dà wọ́n pọ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti bá a, lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n gbé Olùkọ́ ga ní Ọjọ́bọ̀. A sin àbúrò mi ní Ẹtì.

Èyí tó burú jù kò tíì jáde lẹ́nu mi. Àwọn tó wá wádìí gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sókè lójú àwọn ọmọ rẹ̀: "Ó mọ̀wé kà. Àìbìkítà ló pa á." Mo wà níbẹ̀. Mo dákẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ àbúrò mi, ìyá yín kì í ṣe aláìbìkítà. Ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá oyè, oyè dára, ó ń gbé èèyàn kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ẹ gùn lé lórí. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín ìwé ẹ̀rí, wọ́n lẹ ìwé ìdánwò wa mọ́ ògiri. Àbúrò mi fi ìka tẹ orúkọ tó wà lórí tirẹ̀, ó bi mí pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi nìyí?" Mo ní, "Ìwọ ni."

Èmi ni.