Àpò Ìsùn Tí Mo Ní Kí Ìgbín Dá Padà Sílé

Ẹ gbé kọfí yẹn kalẹ̀, kí ẹ sún mọ́ mi, nítorí ohùn mi ò lè lọ jìnnà mọ́. Dókítà ti sọ tirẹ̀: ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́ tán. Mi ò fẹ́ gbé ohun tó wà nínú mi yìí wọ sàréè. Gbogbo ìgbà ìrúwé lẹ̀yin arìnrìn-òkè máa ń yà sílé mi, ẹ ó tú àpò ẹ̀yìn yín sílẹ̀ níwájú mi, ẹ ó ní kí n sọ èyí tí ẹ ó gbé àti èyí tí ẹ ó fi ránṣẹ́ padà sílé. Ẹ ń pè mí ní bàbá ẹrù fífúyẹ́. Ó tó gẹ́ẹ́. Èmi Wendell Crabtree, tí gbogbo ojú ọ̀nà mọ̀ sí Ìyẹ́, èmi ni mo pa Orval Teague. Mi ò yọ ọ̀bẹ sí i, mi ò sì tì í ṣubú. Irọ́ kan tí mo dì sísàlẹ̀ àpò mi ni mo fi pa á. Delphia ìyàwó rẹ̀ rèé lórí àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n rò pé mo fẹ́ dágbére fún wọn ni.

Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá gbéra ní Georgia, tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé Maine, kì í jẹ́ orúkọ ilé mọ́. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá rí lára rẹ ni wọn ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Èmi ń jẹ́ Ìyẹ́ torí pé ẹrù mi ò ju ti ọmọ iléèwé lọ. Orval ń jẹ́ Ìgbín torí pé ilé rẹ̀ ló pọ̀n sẹ́yìn: àpò kánfáàsì onírin, àgọ́ tó lè gba màlúù, ìkòkò irin, àti àpò ìsùn kan tó tóbi bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Delphia ló tún àpò ìsùn náà rán. Wọ́n tú inú kóòtù òtútù tiwọn, wọ́n gán an mọ́ inú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, kí òtútù má baà rí ibi wọlé sí ọkọ wọn lára. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè, mo ní, “Bàbá, ṣé ilé tuntun lẹ ń kó lọ ni?” Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó nu ojú, ó ní, “Àbúrò, ẹni tó bá gbé ilé ẹ̀ dání kì í tọrọ ibi tó máa sùn. Ìwọ ńkọ́, oúnjẹ dà nínú àpò pẹlẹbẹ yẹn? Àbí afẹ́fẹ́ lò ń jẹ?” Ọjọ́ náà ló fi ìkòkò irin rẹ̀ ṣe búrẹ́dì àgbàdo, ó sì bù ú fún mi. Láti ọjọ́ yẹn la ti jọ ń rìn. Mo fi ìkòkò yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ń jẹun inú rẹ̀.

Irọ́ mi nìyí. Kúbùsù oníyẹ̀ẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tí mo fi ń yangàn, tí mo ní òun nìkan tó mi, kò tó mi rárá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mí ṣe oúnjẹ. Mo yọ́ wọ ìlú kan, mo ra ẹ̀wù àti ṣòkòtò tí wọ́n ki ìyẹ́ sí, mo fún wọn mọ́ inú àpò kékeré kan, mo ń pè é ní ìrọ̀rí. Nígbà tí a bá dé ilé èrò tí wọ́n ti ń fi àpò kọ́ òṣùwọ̀n láti mọ ẹrù ta ló fúyẹ́ jù, màá ti lọ fi “ìrọ̀rí” náà pa mọ́ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Wọn ó pàtẹ́wọ́ fún mi, èmi náà ó sì wú bíi búrẹ́dì. Àgbàlagbà tó ń fi ṣòkòtò pa mọ́ torí àtẹ́wọ́! Mi ò ní nǹkan mìíràn láyé mi nígbà náà ju orúkọ Ìyẹ́ yẹn lọ.

A dé ìlú kékeré kan kí a tó gun àwọn òkè ńlá ààlà Tennessee. Oòrùn mú ní ọ̀sẹ̀ yẹn, igi ti ń yọ òdòdó, gbogbo èrò ń rìn ní ṣòkòtò péńpé. Wọ́n péjọ sí ìloro ilé èrò, wọ́n ní kí Ìyẹ́ tú ẹrù Ìgbín wò. Mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi dá wọn lẹ́rìn-ín. Àgọ́, sílé! Ó lè sùn sábẹ́ àtíbàbà tèmi, aṣọ fẹ́lẹ́ tí a ń fi ọ̀pá ìrìn méjì gbé ró. Nígbà tí mo gbé àpò ìsùn, Mozelle tó ni ilé èrò dìde. “Ìyẹ́, fi ìyẹn sílẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan kì í dá àpò òtútù padà sílé kó tó ré òkè Virginia kọjá. Oòrùn yìí ń tan yín ni.” Mo dá a lóhùn pé, “Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ò kúrò nídìí sítóòfù látàárọ̀, kí lẹ mọ̀ nípa òkè?” Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ìgbín di àpò náà mú. Ó ní, “Delphia ló rán an fún mi o.” Mo ní, “Ṣé Delphia ló ń bá yín gun òkè?” Delphia, ẹ̀yin ni mo fi ṣe ẹ̀rín lójú àwọn ọmọdé. Ó rẹ́rìn-ín tiẹ̀ náà, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tí ọ̀nà ti sú ta kúbùsù rẹ̀ fún un, fẹ́lẹ́ bíi tèmi. Ìgbín yẹ lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wò, ó ní, “Kí ni nọ́ńbà yìí ń sọ?” Mo ní, “Ó ní títí omi á fi dì, ẹ ó máa hanrun ni.” Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe òtútù tí èèyàn lè sùn sí. Òtútù tí kò ní í pa èèyàn ni, bí omi kò bá kan kúbùsù náà. Mo tẹ̀ lé e dé pósọ́fíìsì, mo bá a di àpò ìsùn náà sínú àpótí, ó fi ránṣẹ́ sílé sí Delphia. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Èmi ni mo bọ́ ìkarahun lára ìgbín, mo sì ní kó máa lọ.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, òjò ká wa mọ́ orí òkè gbọọrọ kan tí kò ní igi. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, òjò ti di yìnyín. A na àtíbàbà sẹ́yìn àpáta, atẹ́gùn sì ń gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé bí àlejò tí a ò pè. Òjò ta sí kúbùsù Ìgbín, ìyẹ́ inú rẹ̀ sì ṣù jọ bí ẹ̀kọ. Nígbà tó lọ pọn omi, mo yára tú ìrọ̀rí mi, mo wọ ẹ̀wù, mo wọ ṣòkòtò, mo fi kúbùsù bo ara mi dé ọrùn. Ó padà dé, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. “Ìyẹ́, ṣé òtútù ò mú ẹ ni?” Mo ní, “Ó ń mú mi, bàbá. Ó máa ń mọ́ èèyàn lára ni.” Ó ní, “Akin ni ẹ́ o. Èmi ti darúgbó.” Ẹ gbọ́ o, òógùn ń bọ̀ lábíyá mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Ẹ̀wù yẹn tó láti gbà á là. Kí n bọ́ ọ fún un ló kù. Àmọ́ bí mo bá bọ́ ọ, yóò mọ̀, yóò sọ fún wọn ní ilé èrò tó kàn, Ìyẹ́ á sì di òpùrọ́. Mo ní kí n ní sùúrù díẹ̀, pé òjò á dá. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo sì gbọ́ pé kò gbọ̀n mọ́. Èmi tí mo máa ń kọ́ yín pé ẹni tó bá ṣíwọ́ gbígbọ̀n, ikú ló ń bá a sọ̀rọ̀! Ó dìde jókòó. Ó ní, “Mo fẹ́ lọ gba àpò mi ní pósọ́fíìsì. Delphia ti fi ránṣẹ́. Ìyẹ́, ṣé o máa sìn mí?” Mo di ojú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Bí mo bá dìde, kúbùsù á yọ̀, á rí aṣọ ọrùn mi. Ó dúró díẹ̀ lórí mi, ó ní, “Òtútù á mú ọmọ yìí.” Ó bọ́ kúbùsù tútù tó kù lára rẹ̀, ó fi bò mí, ó tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí mi ká. Ó sì jáde. Mo ń hanrun lọ.

Nísàlẹ̀ òkè, lẹ́bàá igi páìnì kan, ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kí àwọn adóòlà ẹ̀mí tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti ti ẹ̀wù àti ṣòkòtò náà sábẹ́ àpáta, kí n lè máa gbọ̀n lójú wọn. Wọ́n fún mi ní ọbẹ̀ gbígbóná. Wọ́n ní bàbá náà ò mọ bí a ṣe ń tọ́jú kúbùsù oníyẹ̀ẹ́. Mo mi orí. Mo ní oorun ló gbé mi lọ. Láti ìgbà náà lẹ ti ń pè mí ní bàbá.

Ẹ̀yin ọmọ, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ẹ gbé ohun tí ara yín bá fẹ́, kó wúwo bó ṣe fẹ́ wúwo. Ẹni tó bá fi ẹrù yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kọ́kọ́ ní kó tú ìrọ̀rí tiẹ̀ wò.

Delphia, lẹ́yìn ìsìnkú ni àpótí yẹn dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ fi àpò ìsùn inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ pè mí lórí fóònù, ẹ ní, “Orval sọ fún mi pé òtútù máa ń mú ẹ, pé o kàn ń ṣe akin ni. Gbà á, kó má pa ìwọ náà.” Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀hún ló wà. Mi ò sùn sínú rẹ̀ rí. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ gbé àpò ìsùn yín lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wò wọ́n, wọ́n ti gbé e, wọ́n ti jáde. Ẹ má dá wọn dúró, ẹ má sì pè wọ́n padà. Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí òtútù wọlé.