Kọ́kọ́rọ́ Idẹ Tí Ẹ Fi Ta Mí Lọ́rẹ

Alága wa, ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín pọ̀ ju ìbọ̀sẹ̀ yín lọ, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síwájú nítorí pé etí ò gbọ́ mọ́, mo kí yín, màá pariwo. Ẹ̀yin àlejò, ìyàwó mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin èèyàn mi!

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté yìí kí n tó fẹ̀yìn tì lónìí, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tó kọ̀ fún mi rí. Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Ó dáa, ọ̀kan kọ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́. Wọ́n tó ogún. Ọ̀kan ṣì wà nísàlẹ̀ omi tí ẹja ń sùn sínú rẹ̀.

Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ idẹ ńlá yìí, ẹ kọ “Baba Kọ́kọ́rọ́” sí i lára, nítorí ọjọ́ kan péré, ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ta ni kò mọ ìtàn náà? Èmi fúnra mi ni mo ń sọ ọ́ kiri!

Àwa mẹ́ta la wà nínú ọkọ̀ onígbòkun alága: alága, èmi, àti àbúrò wa tó ń rán ìgbòkun, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, tó ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì. Afẹ́fẹ́ kú. Ìgbòkun rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ òkun rí? Omi tó lọ títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀, tí kò sọ̀rọ̀, tí kò mí, síbẹ̀ tó ń rọra fà wá lọ bá àpáta! Mo rí bí mo ṣe kéré tó. Alága yí kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì. Kò dún rárá.

Mo tan iná ọkọ̀, ó mọ́lẹ̀ kedere: bátìrì kọ́. Mo fi wáyà so ẹsẹ̀ méjì pọ̀ lára súìṣì tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, sítátà tó ń jí ẹ́ńjìnnì ké, ṣùgbọ́n iná ò dé ẹ́ńjìnnì. Súìṣì náà ló kú. Iyọ̀ ti jẹ ẹ́ nínú. Nǹkan tí kò ju àtàńpàkò mi lọ, òun ló fẹ́ fi èèyàn mẹ́ta fún àpáta! Mo ní tuntun lápò. Mo tú orí bátìrì, mo fa wáyà márààrún yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Iyọ̀ ti sọ gbogbo wọn di àwọ̀ kan. Mo dijú, mo rántí, mo so wọ́n. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́. Èmi ni mo máa ń gbé sípánà yín pa mọ́, tí màá tún bá yín wá a. Kí iṣẹ́ má pa yín, kí omi má mọ orúkọ yín, kí ẹ máa lọ, kí ẹ máa bọ̀. Ẹ ṣé o.

Rárá, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mi ò tíì jókòó.

Kí n tó fa wáyà márààrún yẹn yọ, àbúrò yìí ti fi òwú ìgbòkun márùn-ún tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ sàmì sí wọn, ó sì so irú òwú kan náà mọ́ ẹsẹ̀ súìṣì àtijọ́ níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà.

Mo ní, “Àbúrò, ìgbéyàwó ni wáyà ń lọ?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kó má baà dàrú ni.”

“Kó dàrú mọ́ èmi lójú? Orí mi ni ìwé mi!”

Nígbà tí alága ń ké níwájú ọkọ̀ pé àpáta ti dé, orí mi ò ní lẹ́tà kan nínú. Àbúrò gba wáyà lọ́wọ́ mi, ó gbé súìṣì àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, ó so pupa síbi pupa, àwọ̀ ewé síbi àwọ̀ ewé, títí ó fi parí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ. Kò sọ, fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Àbúrò, fi báàgì yẹn sílẹ̀, wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ. Ìwọ lo tún un ṣe. Èmi kàn yí kọ́kọ́rọ́ ni.