Bàbá Ọkọ Mi Dìde Nídìí Yìgì

Ọ̀gá wa Dìrẹ́tọ̀, ẹ̀yin àgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀yin àna mi, ẹ̀yin àlejò tó ti Kraké wá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n mí ná! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì mi ni ẹnu mi ò ti pa dé.

Lónìí mo fi tábìlì akọ̀wé mi sílẹ̀, mo ń bá Moumouni ọkọ mi lọ sí Sèmè-Kpodji. Pélagie, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lò ń tún àṣìṣe mi tẹ̀ kí ọ̀gá tó rí i. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ìyẹn.

Díẹ̀ ló kù kí ìgbéyàwó yìí fọ́. Bàbá ọkọ mi, Bàbá Oumarou, ló ní kí n sọ bó ṣe jẹ́. Áfáà ń ṣàdúà lọ́wọ́ ni bàbá dìde, wọ́n jáde. Wọ́n padà, wọ́n tún jáde. Bàbá kékeré mi bá figbe ta: "Ẹ gbé ọmọ wa, ká máa lọ! Oumarou ò fẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ ló fi ń sọ ọ́!" Àwọn ìyá mi ti ń ká ẹní. Ṣé ẹ mọ bí àyà mi ṣe já?

Mo sáré bá bàbá lẹ́yìn ilé. "Bàbá, kí ni mo ṣe yín?"

"Ìyàwó mi, ìwọ kọ́. Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, kò ní wá; bí mo bá dìde, á máa kán. Ṣé aṣọ tí ìtọ̀ kán sí ni n ó fi jókòó ti àdúà? Bí mo bá sì sọ ọ́, wọ́n á ní àtọ̀sí ni."

Bàbá kékeré mi ti dé ẹ̀yìn wa. Ó wò wọ́n, ó ní: "Àna mi, níbo nilé ìtọ̀ yín wà? Ó ti ń gbọ̀n èmi náà látàárọ̀."

Bí yìgì mi ṣe so nìyẹn o!

Àwọn méjèèjì jọ lọ rí dókítà. Dókítà ní kì í ṣe àtọ̀sí. Ẹ̀yà ara kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tó ń tóbi bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, tó sì ń fún ojú ọ̀nà ìtọ̀ pa. Oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń fà á, oúnjẹ nìkan ò sì lè wò ó, ṣùgbọ́n ìjókòó àtàárọ̀ dalẹ́ nídìí aṣọ tí bàbá ń fi abẹ́rẹ́ kó iṣẹ́ sí, ẹran ọlọ́ràá, kọfí àti obì ò bá wọn ṣeré. Wọ́n tiẹ̀ ti fi omi mímu sílẹ̀ kí ìtọ̀ má baà wá! Dókítà ní kí wọ́n máa mumi lọ́sàn-án, kí wọ́n dín in kù tílẹ̀ bá ń ṣú, kí wọ́n máa jẹ ẹ̀fọ́, kí wọ́n máa rìn. Bàbá ní: "Dókítà, ẹ gba kọfí, ẹ fi obì sílẹ̀ fún mi."

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ìtọ̀ bá sé pátápátá, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ má dúró, ilé ìwòsàn ni. Ẹni tójú bá ń tì, kó wá sílé bàbá ọkọ mi ní Akron. Wọ́n ní àwọn á bá a lọ rí dókítà, àwọn á sì ṣáájú wọlé.

Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ gbó, kẹ́ ẹ tọ́, kára ó tù yín. Yàrá ìkọ̀wé yìí ò ní ṣófo lẹ́yìn mi. Ẹ ṣé o.