Ijó Tí A Jó Níwájú Ọ̀nárébù

Ẹ má dìde, Ìyá Àgbà, ẹ jókòó, ẹ máa ṣa ẹja yín lọ, mi ò fẹ́ jẹun, mi ò fẹ́ mu omi, láti ibùdókọ̀ ni mo ti ń dá sọ̀rọ̀ bọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, títí ìyá tó ń din mandasi, búrẹ́dì olóròóró yẹn, tà fi bi mí pé, "Limbani, ta lò ń bá wí?" Mo ní Ìyá Àgbà mi ni. Ó wo ẹ̀yìn mi, kò rí ẹnì kankan, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Kó máa rẹ́rìn-ín! Gbogbo ìlú ló kúkú ń fi wá rẹ́rìn-ín!

Wọ́n ti dìbò, Ìyá Àgbà. Lánàá, nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí ọ̀wọ́ ọmọ ogun kejì máa lọ sí Kóńgò, Ọ̀nárébù Kalambula tiwa náà sì na ọwọ́ rẹ̀ sókè gan-an, bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn. Mayeso wà nínú àwọn tó ń lọ. Sátidé yìí. Ọmọ-ọmọ yín Mayeso, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tọ́.

Ṣọ́ọ̀bù agẹrun ni mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹ sì mọ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ kó tó nawọ́? Ó ní, "Àwọn ìyá àgbègbè mi jó." Ijó! Ó ní òun ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀, ó ní àwọn kan ń pariwo kiri pé àwọn ìyá ò fẹ́ ogun yìí, àmọ́ òun fi ojú òun méjèèjì rí àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà lójú ogun, níwájú ọ́fíìsì òun, tí wọ́n ń fi ìbàdí sọ ohun tí ẹnu ò lè sọ. Àwọn aṣòfin yòókù pàtẹ́wọ́. Agẹrun náà pàtẹ́wọ́, pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, apá kan orí mi ló sì ti gẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ wò ó. Mi ò dúró kó gẹ apá kejì.

Ta ló kọ́kọ́ dìde lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Àgbà? Mo kàn ń béèrè ni o.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí, torí ó jọ pé ẹ ti gbàgbé. Àwa mẹ́rìnlá. Àwa tí a pe ara wa ní Ẹgbẹ́ Kí Wọ́n Padà Wálé. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ń ṣèpàdé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Tọ́sìdeè, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé pósí mẹ́ta dé láti Kóńgò, tí ti Gomezgani, ọmọ tí ìyá NaGondwe bí, jẹ́ ọ̀kan níbẹ̀, tí wọ́n fi ìṣó kan ìdérí rẹ̀ pa tí wọn ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ṣí i wo ojú rẹ̀. Ta ló ní kí a lọ bá Ọ̀nárébù? Ẹ̀yin ni! Ẹ ní òun la dìbò fún, ẹ ní òun ló máa nawọ́ tí ọ̀rọ̀ bá délé aṣòfin, ẹ ní kó wá gbọ́ ọ lẹ́nu wa kó tó nawọ́. Ó kúkú gbọ́!

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ lẹ́tà yẹn. Àkọ́kọ́ gùn jù. Èkejì, ẹ ní ó le jù, ẹ ní kí n fi "ẹ jọ̀ọ́" kún un. Ẹ̀kẹta, adìyẹ yín rìn kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ló wá mọ́, mo fi rúlà fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó má baà wọ́. Èmi tí olùkọ́ á bi ní ìbéèrè tí n ó máa wo bàtà mi, èmi ni mo gbà láti kà á sókè lójú Ọ̀nárébù. Mo kà á fún ewúrẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ewúrẹ́ gbọ́ ọ ju Ọ̀nárébù lọ.

Àdéhùn wa ńkọ́? Ìyá NaGondwe ló mú un wá. Wọ́n ní a ò ní kọrin, a ò ní jó, a ò ní gba ìró, a ò ní mu Fanta. Wọ́n ní, "A ó jókòó. A ó jókòó bí àwọn tó ní ọ̀rọ̀ sọ." Ẹ̀yin ni àmín yín dún jù. Gbogbo yín wé ìbòrí dúdú. Bí a ṣe ń lọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ rí bí ẹ ṣe gbayì tó lójú mi? Mo ń tẹ̀ lé yín lẹ́yìn, mo ń sọ nínú ara mi pé lónìí, ọkùnrin yìí á mọ̀.

A dé ibẹ̀ láago méje. Akọ̀wé rẹ̀ ní á dé ní mẹ́jọ. A jókòó sórí koríko. Nígbà tí akọ̀wé náà sọ fún wa pé Ọ̀nárébù ti dé afárá, èékánná méjì péré ló tíì fi ọ̀dà kùn ní ọwọ́ ara rẹ̀. Ó kun ọwọ́ yẹn tán, ó kun èkejì, ó bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ti ẹsẹ̀, Ọ̀nárébù ṣì wà lórí afárá. Afárá yẹn mà gùn o! Ó di aago mọ́kànlá, oòrùn ti ń la àárín orí wa, àmọ́ ẹnì kan ò kọrin, ẹnì kan ò jó, a jókòó bí a ṣe wí.

Ni fèrè ọkọ̀ bá dún. Píì-píì-pííì! Bí awakọ̀ wọn ṣe máa ń fun ún. Kò tíì fun ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀yin, Ìyá Àgbà, ẹ̀yin gan-an, ẹ la ẹnu, ahọ́n yín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, igbe ayọ̀ tí ẹ fi ń pàdé àlejò ńlá, lililililili! Mo fi Ọlọ́run búra, mo rò pé nǹkan ta yín ni. Mo ń wo inú koríko bóyá àkekèé ni!

Ẹ ní kí ni? Ẹ ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu yín? Mo gbà. Ogójì ọdún tí ẹ ti ń jó fún wọn, mo gbà. Ẹ ti jó fún mínísítà, ẹ ti jó fún ìyàwó mínísítà, gbogbo ẹni tó bá ti fi ọkọ̀ tó ń dán gba ojú ọ̀nà yìí lẹ ti jó fún. Lọ́dún yẹn, ṣebí ọkọ̀ àwọn tó wá gbẹ́ kànga lẹ jó fún, tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ò mọ ohun tí wọn ó ṣe, tí wọ́n ń juwọ́ sí yín tìtìjútìtìjú. Ẹsẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lára, mo gbà. Ṣé ẹsẹ̀ náà ló dá orin ni?

Orin ìpàdé wa, Ìyá Àgbà! "Ẹ dá àwọn ọmọ wa padà," ẹ wá fi ohùn orin ìkíni-káàbọ̀ kọ ọ́! Ẹ tò ní méjì-méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ń bẹ Ọ̀nárébù kó má rán ọmọ yín lọ kú, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń gbàlejò àna. Ta ló máa gbọ́ ọ̀rọ̀ inú irú orin bẹ́ẹ̀?

Ìyá NaGondwe ò kọ́kọ́ dìde. Mo ń wò wọ́n. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi di koríko mú, bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ dànù. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ wọn kan bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì, òun nìkan. Koríko já. Wọ́n bá dìde, wọ́n wọ ìlà, wọ́n ń jó, omi ń dà lójú wọn pọ̀rọ̀pọ̀rọ̀. Ìyẹn ò sí nínú fídíò. Ẹ̀yìn wọn ni ọmọkùnrin tó ń fi fóònù yà á dúró sí. Ìbàdí ló ń yà.

Ọkùnrin yẹn wá sọ̀kalẹ̀. Ó fi ìka méjì gbé ṣòkòtò rẹ̀ kúrò nínú eruku, ó jó ìṣísẹ̀ méjì, ó rẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀yin ìyá mi! Ẹ̀yin ìyá mi, mo ti gbọ́ yín!" Gbọ́ kí ni? Ta ló tíì sọ̀rọ̀? Mo lọ lóṣòó síwájú rẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹ ṣe kọ́ wa láti máa kí àgbà, mo ní, "Ọ̀nárébù, ọ̀rọ̀ ogun la bá wá." Ó ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi, orílẹ̀-èdè yìí ò ní gbàgbé yín." Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ méjèèjì ló fi gba lẹ́tà, ọmọlúàbí ni. Ó wá ń fi fẹ́ ara rẹ̀. Ooru mú, àbí? Ó fẹ́ ọrùn, ó fẹ́ àyà, ó nà án sí awakọ̀, awakọ̀ ká a sí mẹ́rin, ó fi há gíláàsì ọkọ̀ tí kì í dúró lókè. Ìyẹn lẹ́tà tí mo fi rúlà fàlà sí nídìí o!

Ni Fanta bá dé. Ni ìró bá dé, tí wọ́n tẹ àwòrán ojú Ọ̀nárébù sí níbi ìdí. Ó ní òun ń lọ síbi òkú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la bẹ̀ ẹ́ fún nínú ìwé tí a fi tọrọ àyè láti rí i, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló sì fún wa, mo ń wo aago ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ẹ̀yin náà sì ń sọ lọ́nà ilé pé ó dáa, ó dáa, ṣebí ó gba lẹ́tà!

Mayeso pè mí láàárọ̀ yìí. Fídíò náà ti dé bárékè. Ó ní ọ̀gá wọn gbé fóònù sókè níwájú gbogbo wọn, ó ní ẹ wò ó, àwọn ìyá yín ló ń sìn yín lọ yìí, ta ni ẹ̀rù tún ń bà? Ó ní òun rí yín. Ó ní, "Ìyá Àgbà ṣì ń tẹ̀ dáadáa, orúnkún yẹn ti san nìyẹn."

Ẹ gbé ohùn sókè, mi ò gbọ́. Èmi náà? Èmi náà kí ni? Rárá o! Àtẹ́wọ́ ìkíni ni mo pa, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín tán! Ta ló fi fídíò hàn yín? Ṣé ẹ ti rí i, ẹ wá jókòó ẹ ń jẹ́ kí n máa sọ gbogbo èyí?

Ó dáa. Èjìká mi mì díẹ̀.

Ó dáa, mo jó! Ẹ ti gbọ́ ọ! Èmi tí mo sá wọ inú àgbàdo nígbà ìgbéyàwó Mayeso kí wọ́n má baà fà mí sójú agbo, èmi ni mo ń tẹ̀ níwájú ọ́fíìsì Ọ̀nárébù, tí mo na lẹ́tà àlàáfíà sókè tí mo ń fì í bí àsíá! Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò rí i? Ẹ gbà mí o, ikùn ń dùn mí. Bí mo ṣe ń lọ lóṣòó níwájú ọkùnrin yẹn, mo ṣì ń mì!

Ẹ sì mọ ohun tí Mayeso fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀? Mo ní kó jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó ní, "Àbúrò, mi ò mọ̀ pé o mọ ijó jó tó bẹ́ẹ̀." Ó pa fóònù.

Àbí ẹ ò rẹ́rìn-ín mọ́?

Kí lẹ ń da ẹja padà sínú igbá fún, mi ò tíì parí. Ojú ọ̀nà ńlá ni ọkọ̀ wọn máa gbà ní Sátidé, wọ́n sì ti ń pe àwọn obìnrin kí wọ́n wá jó sìn wọ́n. Ẹ má lọ jó. Rárá, ẹ lọ, gbogbo wa la ó lọ, kí a lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí Mayeso rí i. Kó kàn rí i pé a jókòó. Bí ẹsẹ̀ yín bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, èmi á jókòó lé tèmi. Ẹ ṣèlérí fún mi.

Ìyá Àgbà, mò ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà. Níbo lẹ ń lọ nínú oòrùn yìí? Ọ̀nà ilé ìyá NaGondwe kọ́ nìyẹn? Wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn fún ẹnì kankan láti ọjọ́ yẹn o. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé… Rárá. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà lọ jókòó tì wọ́n.